Ìwé mẹ́ta fún Táyé, Kẹ́hìndé ò ra nǹkan kan: ta ló yẹ kó máa yan ìwé àfikún?

ÌyáÌbejì (ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi ò gbà láti sọ nílé-ìwé àwọn ọmọ mi, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ìbejì ni wọ́n. Ilé-ìwé kan náà ni wọ́n ń lọ, ìpele kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kíláàsì Táyé, ọ̀tọ̀ ni ti Kẹ́hìndé. Ìdánwò kan náà ni wọ́n máa jọ ṣe níparí sáà. Ìwé tí ilé-ìwé kọ sínú àtòkọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo ti ra gbogbo rẹ̀ ní méjì méjì. Àfi bí Táyé ṣe mú bébà kan wálé lọ́sẹ̀ kẹta. Olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ ní kí wọ́n ra nǹkan mẹ́ta sí i: ìwé iṣẹ́ tí ọmọ máa ń kọ ìdáhùn sínú rẹ̀, àkójọ ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, àti ìwé pélébé kan tí olùkọ́ náà kọ fúnra rẹ̀, tó sì ń tà fúnra rẹ̀. Kẹ́hìndé ò mú bébà kankan wálé. Olùkọ́ tiẹ̀ ò béèrè ohunkóhun.

Wọ́n kọ "kì í ṣe dandan" sísàlẹ̀ bébà Táyé. Mo bá ní kí n dúró ná. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ fi sọ fún mi pé àràárọ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ àwọn tí kò tíì sanwó, tí wọ́n á sì ní kí wọ́n dìde. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó ní máàkì, inú ìwé iṣẹ́ yẹn ló ti ń wá. "Ẹ ṣe ojú-ewé 14." Ẹni tí kò ní ìwé, òdo. Mo sanwó. Kì í ṣe pé mo ti yẹ ìwé náà wò tó sì wù mí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa dá dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: bí ìdánwò bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí ọ̀kan fi nílò ìwé mẹ́ta tí èkejì ò nílò ẹyọ kan? Báwo ni mo sì ṣe lè béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò ní máa fi ojú ẹ̀sùn wo ọmọ mi?

Òótọ́Korò

Màmá Ìbejì, ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín kí ẹ tó bi wá. Ẹni tó ní "kì í ṣe dandan" tó tún ń pe orúkọ láàárọ̀, owó ló ń wá. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po: olè ni. Ẹ lọ gba owó yín padà.

TísàÌṣirò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Èmi náà ń kọ́ ìṣirò, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún, mo sì ti ní kí àwọn ọmọ ra ìwé rí. N ò jalè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ogójì ìṣẹ́jú ṣe ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ọmọ tó jókòó, kí ariwo tó rọlẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Kí n tó kọ ìbéèrè mẹ́wàá sójú pátákó, kí wọ́n sì tó dà á kọ, pàápàá bí àwòrán onígun mẹ́ta bá wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tún ti lọ. Ogún ìṣẹ́jú ló kù fún ìṣirò gan-an, ẹni tó jókòó sẹ́yìn tí kò rí pátákó dáadáa sì ti da nọ́ńbà mìíràn kọ. Bí ìbéèrè bá ti wà nínú ìwé níwájú wọn, a ti gba àkókò yẹn padà. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi lè fẹ́ ìwé iṣẹ́ láìsí pé ó fẹ́ owó ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wúlò, kì í ṣe àbá orí lásán. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì kan, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Ní 2013, Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wò: dídán ara ẹni wò àti pípín ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ ló gba ipò iwájú; àtúnkà, fífa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àti ṣíṣe àkékúrú ìwé wà lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń gbìyànjú ìbéèrè kó tó wo ìdáhùn, owó yín ò ṣòfò. Ibi tó burú sí ni pé ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló tẹ ìdáhùn sábẹ́ ìbéèrè gan-an. Ojú ọmọ á ti débẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi bébà bò ó mọ́lẹ̀.

Ìwé iṣẹ́, ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ inú rẹ̀ wò ló sọ ọ́ di ìwé. Bí olùkọ́ ò bá fi bírò pupa kàn án, bébà lásán ni.

Ìwé pélébé tí olùkọ́ kọ fúnra rẹ̀, n ò lè sọ̀rọ̀ lé e lórí láìrí i. Àmọ́ kí ọmọ máa dìde dúró nítorí owó, ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ wa. Mi ò ní gbèjà ìyẹn láéláé.

Òótọ́Korò

Tísà, ẹ ní ẹ ti ní kí wọ́n ra ìwé rí. Ìwé ta ni? Ta ló gbowó rẹ̀?

TísàÌṣirò

Ó dáa, ẹ bi mí dáadáa.

Hándáòtù tèmi ni. Ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí nígbà náà kò bá ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun mu mọ́. Orí kan lórí ìṣirò onídàátà ò sí níbẹ̀ rárá. Mo bá kọ ọ́, mo ṣe fótókópì rẹ̀, mo gba owó fótókópì. Ọdún kìíní, mo fi owó ara mi kún un. Ọdún kejì, àwọn ọmọ pọ̀ sí i, onífótókópì sì dín owó kù fún mi nítorí pé iṣẹ́ náà pọ̀. Mi ò dín tèmi kù. Owó kékeré kan lé. Mo ná an.

Kò sẹ́ni tó bi mí, nítorí náà mi ò bi ara mi. Ọdún kẹta ni ọmọ kan ní bàbá òun fẹ́ rísíìtì, ojú tì mí débi pé n kò tà á mọ́ láti ìgbà náà. Mo ń fi PDF ránṣẹ́ báyìí, mo sì ń lẹ ẹ̀dà méjì mọ́ ògiri kíláàsì. Ẹ lè pe ìyẹn ní olè bí ẹ bá fẹ́. Èmi ò mọ orúkọ tí mo máa pè é.

Òǹtàwé

Ọlọ́run á fún Tísà ní ìlera, ìwọ̀nba èèyàn ló máa sọ irú ẹ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé rí kí n tó máa tàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjà yìí ṣe rí láti ẹ̀yìn káńtà, torí mo rí i pé ìwà olùkọ́ nìkan ni ẹ ń wò.

Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á fọwọ́ kàn án, á ná an, á bá tirẹ̀ lọ bó bá wọ́n. Ìwé ilé-ìwé kì í rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ló ń yàn, òbí ló ń sanwó, ọmọ ló ń lò ó. Bíi dókítà tó kọ oògùn síwèé ni: òun kọ́ ló máa san án, òun kọ́ ló máa gbé e mì. Ẹni tí kò sanwó kì í fi bẹ́ẹ̀ ro iye owó, kì báà jẹ́ ẹni ire. Nítorí náà, nígbà tí mo wà nílé ìtẹ̀wé, òbí kọ́ ni a ń pọ́n lé. Olùkọ́ ni. Òun la ń gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ lọ fún, òun la ń fi ìwé ìdáhùn fún lọ́fẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ lè rọrùn. Bí gbogbo kíláàsì bá rà á lẹ́ẹ̀kan náà, a máa ń yọ ẹ̀dínwó. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀dínwó. Ẹ ṣáà béèrè pé ọwọ́ ta ló bọ́ sí.

Ẹ tún wo ìdí tí ìwé iṣẹ́ fi pọ̀ tó báyìí. Ìwé ẹ̀kọ́ gidi, ẹ̀gbọ́n á lò ó, àbúrò á lò ó, aládùúgbò á tún yá a. Ilé ìtẹ̀wé ta ẹyọ kan, èèyàn mẹ́rin lò ó. Ìwé tí ọmọ ń kọ ìdáhùn sínú rẹ̀ kì í ní àbúrò. Lọ́dọọdún ni wọ́n á tún un rà. Ẹ̀dà tuntun náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: wọ́n lè má yí ju nọ́ńbà ìbéèrè àti ojú-ewé padà lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó mú ẹ̀dà àtijọ́ wá kò ní rí "ojú-ewé 14" tí olùkọ́ ń wí. Bí wọ́n bá ní ẹ̀dà tuntun nìkan ni kí ẹ rà, ẹ ṣí àkóónú méjèèjì síra wọn kí ẹ tó sanwó.

Màmá, ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ nìyẹn lójú tèmi: kì í ṣe Táyé ló nílò ìwé mẹ́ta. Àwọn méjì ló yàn, ẹ̀yin ẹyọ kan lẹ sanwó.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọdún3

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Tiwa nílé-ìwé gíga ti kọjá ìwé iṣẹ́.

Lọ́dún kìíní, olùkọ́ wa kan fi bébà pélébé kan sí ẹ̀yìn hándáòtù rẹ̀. Ẹ máa ya á, ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò bá ní bébà yẹn, kò ní gbà á. Nítorí náà, ẹ ò lè yá a, ẹ ò lè ṣe fótókópì rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú hándáòtù náà, mo rí i nínú ìwé ẹlòmíì nílé ìkàwé, gbólóhùn sí gbólóhùn.

Èyí tó lé kenkà ni ti kóòdù. Ẹ máa ra ìwé tuntun, ẹ máa họ ibi kan lẹ́yìn rẹ̀, kóòdù máa jáde, òun lẹ máa fi wọ ojú-òpó tí ìdánwò kékeré wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́. Sáà parí, ó kú. Ẹni tó ra ìwé àlòkù ra bébà, kò ra ìdánwò. Máàkì wá di ohun tí a ń rà.

Ọgbọ́n tí àwa ń dá ni pé a máa ń lọ bá olùkọ́ ṣáájú, a ó fi ẹ̀dà àtijọ́ hàn án, a ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èyí lè ṣe é?" Ẹ máa yà lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Fún físíìsì àti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ọ̀pọ̀ wa ti sá lọ sọ́dọ̀ OpenStax, tí Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Odindi ìwé ni, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí kóòdù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ ṣá o, ẹ ò ní rí ti ọmọ kékeré níbẹ̀.

ÌyáÌbejì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ ṣé gan-an. Tísà, ẹ má bínú sí ẹni tó pè yín lólè, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n sùn lánàá.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Mo rántí pé lọ́jọ́ tí mo sanwó, kò sí rísíìtì. Ọmọ ló mú owó lọ nínú àpòòwé. Ṣé òfin kankan wà lórí èyí, àbí bó ṣe wu kálukú ni?

ÒfinLóWí

Màmá, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹ wo ti ibi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n àwọn ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti jọ fọwọ́ sí.

Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948, ní abala 26, sọ pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó kéré tán ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, abala 28, sọ ọ́ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ó jẹ́ dandan, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Fún ilé-ìwé girama, ó ní kí ìjọba gbé ìgbésẹ̀ bíi kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, kí wọ́n sì fi owó ran ẹni tó nílò rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn á wá ní "ọ̀fẹ́" kò ju owó ilé-ìwé lọ, pé ìwé kọ́ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọrọ̀-ajé, àwùjọ àti àṣà ti fèsì sí ìyẹn ní 1999, nínú àlàyé wọn kọkànlá. Wọ́n dárúkọ owó tí a ń gbà lọ́wọ́ òbí lọ́nà ẹ̀bùrú, wọ́n ní nígbà míì a máa pè é ní àtinúwá nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ tún bébà Táyé kà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ hándáòtù tí àbúrò wa sọ, ọ̀ràn mìíràn ni. Àdéhùn Berne lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, tó ti wà láti 1886, fún àwọn orílẹ̀-èdè láyè kí wọ́n jẹ́ kí olùkọ́ lo díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíì láti fi ṣàpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́, bí ó bá bá ìwà títọ́ mu. Kí èèyàn da odindi orí kọ, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó máa tà á, kì í ṣe àpẹẹrẹ mọ́.

Ìmọ̀ràn kan: ẹ má fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbé abala 28 wọ ọ́fíìsì olùkọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti sọ ọ́ di ìjà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

BàbáỌmọMẹ́rin

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi kẹta kò fi bébà tiẹ̀ hàn mí rárá. Ó mọ bí nǹkan ṣe rí nílé. Ìdajì sáà ni mo tó mọ̀, nígbà tí mo jí lóru tí mo rí iná fìtílà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó yá ìwé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé àjákọ tó ti lò tán, láàárín àwọn ìlà tó ṣẹ́ kù. Ìbéèrè àti àwòrán. Ó ti kọ ojú-ewé mọ́kànlélógójì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ní kì í ṣe dandan."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe olùkọ́, ẹ ṣàánú wa lórí gbólóhùn yẹn. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ sọ ọ́, kí n mọ ohun tí mo máa tà.

TísàÌṣirò

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò ní èsì. Ọmọ yẹn máa mọ ìṣirò.

TísàÀná

Mo kí gbogbo ilé o. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọdún mẹ́jọ tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí sì fojú mi rí màbo.

Nígbà tí mo dé orí àga, mo rí i pé olùkọ́ méje ló ń ta nǹkan. Mo kọ́kọ́ fòfin dè é pátápátá. Àṣìṣe ni. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé-ìwé. Àwọn olùkọ́ tó dáa, tí ìwé wọn wúlò ní tòótọ́, ló jáwọ́. Àwọn yòókù ń tà á lọ.

Sáà kejì mo yí i padà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ ìwé àfikún, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi kí sáà tó bẹ̀rẹ̀: ojú-ewé wo ló máa lò, ọ̀sẹ̀ wo ló máa lò ó, kí ni ìwé tí òbí ti rà kò ní. Bébà kan ṣoṣo. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: púpọ̀ nínú wọn kò padà wá. Mi ò kọ̀ fún wọn o. Nígbà tí wọ́n jókòó láti fi ọ̀sẹ̀ síwájú ojú-ewé, wọ́n rí i fúnra wọn pé wọn ò ní lo ìdá mẹ́rin rẹ̀. Èyí tó bá sì kọjá, owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ olùkọ́. Ọ́fíìsì ló ń gbà á, pẹ̀lú rísíìtì. Iṣẹ́ tó ní máàkì kò gbọ́dọ̀ wá látinú ìwé tí gbogbo ọmọ kò ní. Ẹ̀dà mẹ́ta máa wà nílé ìkàwé.

Ti ilé ìkàwé yẹn kò yọrí sí rere, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀dà méjì ti sọnù kí sáà tó dé ìdajì, ìkẹta ni wọ́n ti fi bírò dáhùn tán.

Ní ti ìwé tí olùkọ́ kọ fúnra rẹ̀, ẹ má kàn gégùn-ún fún un. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, AAUP, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 2004. Wọn ò ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n má lo ìwé ara rẹ̀, nítorí nígbà míì òun ló mọ iṣẹ́ náà jù. Èrè tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ní kí ojú wà lára rẹ̀. Èmi náà ní olùkọ́ kan tí ìwé rẹ̀ dára ju ti ilé ìtẹ̀wé lọ. A tẹ̀ ẹ́ ní orúkọ ilé-ìwé, a fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Inú rẹ̀ dùn, òbí ò sì kùn.

Màmá Ìbejì, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ Táyé, ẹ má bi í pé "kí ló dé." Ẹ bi í pé "ojú-ewé wo, ọ̀sẹ̀ wo, kí n lè máa bá ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé." Kò sí olùkọ́ tó lè bínú sí ìyẹn.

ÒbíAláìsinmi

Gbogbo yín ti fi olùkọ́ Táyé ṣe ìkà, ẹ sì ti fi ti Kẹ́hìndé ṣe ẹni mímọ́. Ta ló wo ìwé Kẹ́hìndé? Ọmọ tèmi ní olùkọ́ kan tí kò béèrè nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Inú mi ń dùn. Àṣé kò kọ́ wọn ní ohunkóhun ni. Owó ẹ̀kọ́ àfikún tí mo san lẹ́yìn náà, ó ju ti ìwé mẹ́ta lọ. Màmá, ẹ ṣí ìwé méjèèjì kí ẹ tó lọ.

Òótọ́Korò

Ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Mi ò rò ó.

ÌyáÌbejì (ọjọ́rú)

Mo ti ṣí wọn. Orí tábìlì ni mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí lálẹ́ àná, àwọn méjèèjì jókòó tì mí bí ẹlẹ́rìí.

Ìwé àjákọ Kẹ́hìndé: iṣẹ́ mẹ́tàlélógún láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, bírò pupa wà lára mọ́kàndínlógún. Ibi tó ti ṣìnà, olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ "tún un ṣe", ọmọ sì tún un ṣe. Ó da gbogbo ìbéèrè yẹn kọ látojú pátákó, ìkọ̀wé rẹ̀ burú jáì, àwọn kan ò tiẹ̀ parí.

Ìwé iṣẹ́ Táyé ní ojú-ewé 96. Wọ́n ti ṣe mẹ́jọ. Olùkọ́ ò fọwọ́ sí ẹyọ kan. Máàkì tí wọ́n ń pè yẹn, àwọn ọmọ ló ń pààrọ̀ ìwé fún ara wọn tí wọ́n ń gbé e. Àkójọ ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, wọn ò tíì ṣí i ní kíláàsì. Ìdáhùn wà lábẹ́ ìbéèrè bí Tísà ṣe wí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Ìwé pélébé tí olùkọ́ kọ fúnra rẹ̀, èyí tí mo bínú sí jù, òun ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣàlàyé ìdá débi pé èmi tí mo ti gbàgbé rẹ̀ láti kékeré, ó yé mi. Kẹ́hìndé ní, "Màámi, òun ni mo fi ń kàwé. Táyé ń yá mi ní gbogbo ìgbà."

TísàÌṣirò

Mo rẹ́rìn-ín o, Màmá. Ẹni yẹn mọ̀ ọ́n kọ́. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ẹnìkan ń tì í lẹ́yìn.

Òǹtàwé

Ẹni tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣòro kó jẹ́ òun ló yan ìwé iṣẹ́ olójú-ewé 96. Ẹ bi í tó bá ṣeé bi.

ÌyáÌbejì (ọjọ́ Ẹtì)

Mo ti lọ bá olùkọ́ Táyé. Mo dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ jáde tán, mo kí i, mo dúpẹ́ fún ìwé pélébé yẹn kí n tó sọ ohunkóhun. Ojú rẹ̀ là. Mo wá ní, "Tísà, ìwé iṣẹ́ yìí, ojú-ewé wo lẹ fẹ́ kí n bá Táyé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n jókòó.

Òǹtàwé, ẹ gbọ́n o. Òun kọ́ ló yàn án. Láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti pín ìwé iṣẹ́ àti àkójọ ìbéèrè fún àwọn kíláàsì, wọ́n ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ta iye kan, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ gbèsè rẹ̀. Olùkọ́ Kẹ́hìndé kọ̀ jálẹ̀, ó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò rí i mú. Olùkọ́ Táyé ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọdún yìí ni. Ó ní òun fi ìwé iṣẹ́ ṣe máàkì kí wọ́n lè rà á tán kí wọ́n yé bi òun. Mo bi í nípa pípe orúkọ láàárọ̀. Kò wò mí lójú mọ́. Ó ní òun máa fi í sílẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n máa bínú sí i. Ó dójú ti ọmọ mi nítorí pé ẹnìkan ń dójú ti òun. A jọ fẹnu kò pé ìbéèrè tó bá ní máàkì, ó máa kọ ọ́ sójú pátákó pẹ̀lú, kí ẹni tí kò ní ìwé lè ṣe é. Èmi àti òbí mẹ́ta mìíràn máa lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ìbéèrè TísàÀná: ojú-ewé wo, ọ̀sẹ̀ wo, rísíìtì dà?

BàbáỌmọMẹ́rin

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ìwé pélébé yẹn, ṣé ó lè tà fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé-ìwé yín?

ÌyáÌbejì

Mo bi í. Ó ní kí n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ má san nǹkan kan. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

ÌyáÌbejì (ọjọ́ Ajé)

A ti dé láti ọ́fíìsì. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní àga, wọ́n ní àwọn máa ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Wọn ò dáhùn ojú-ewé, wọn ò dáhùn ọ̀sẹ̀. Rísíìtì ni wọ́n tẹ̀ fún wa lójú ẹsẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa.

Mo délé, Kẹ́hìndé náà ti mú bébà kan wálé. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Wọn ò kọ "kì í ṣe dandan" sísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.